Ẹ má yọ bátìrì náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná

Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní ọ̀kadà yín ti wà nílẹ̀ láìgùn ní Ìlawẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, pé ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kò sí iná kankan. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè so ṣájà mọ́ bátìrì láìyọ ọ́ lábẹ́ àga. Ẹ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìkéré, torí ojú gan-an ló fẹ́ bá a lọ.

Ọ̀gá rẹ̀wáyà kan ní Àdó ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Bátìrì mi kú nígbà ọyẹ́, mo gbé e lọ bá a. Wọ́n kọ 12V 5Ah sí i lára gàdàgbà: fólítì 12, ámpù-wákàtí 5, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà. Bátìrì 5Ah, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kí iná tó ń wọ inú rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ámpù 0.5, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Ọ̀gá so ó mọ́ ṣájà gàgàrà tó fi ń ṣájì bátìrì tírélà, ó ní kí n padà wá láìpẹ́. Nígbà tí mo dé, bátìrì ti wú, ó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Mo ní ọ̀gá, kí ló dé? Ó ní ayédèrú ni mo rà. Ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló fi ń dá mi lóhùn. Ó sì gba owó rẹ̀ pé!

Bí mo ṣe ra bátìrì mìíràn àti ṣájà kékeré tèmi nìyẹn. Àṣìṣe kejì, èmi ni mo ṣe é. Mo gbé ọ̀kadà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn nítorí olè, mo so ṣájà mọ́ ọn di ìdájí. Bátìrì olómi ni. Ó ní rọ́bà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ohun kan ti tẹ rọ́bà náà pa, n kò sì wò ó. Afẹ́fẹ́ haidírójìn tó ń yọ lára bátìrì tó ń mu iná, kò láwọ̀, kò lóòórùn, iná tó ta pàrà lẹ́ẹ̀kan péré ti tó o. Mo ń kánjú lọ sóko, mo kàn nawọ́ fa kílíìpù yọ nígbà tí ṣájà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dún gbàù bí ìbọn ọdẹ. Ìdérí bátìrì fò lọ, ásíìdì bo ojú mi, ó dà sí mi láyà.

Tíṣà, kò sí ata rodo tó lè ta tó bẹ́ẹ̀. N kò ríran mọ́. Ìyàwó mi ló wọ́ mi dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó ní kí n lajú, mo ní n kò lè là á, ó fi ìka là á fún mi, ó ń bu omi dà á sí i láìdúró fún bíi ogún ìṣẹ́jú. A dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí a lọ gba káàdì ná, ẹni tó ń ta káàdì kò sì tíì dé! Ojú ń wú, ẹ ń sọ káàdì! Dókítà tó yẹ̀ mí wò nígbà tó yá ló ní omi tí ìyàwó mi dà ló gba ojú náà là. Nítorí náà, ẹ gbé garawa omi kan sítòsí kí ẹ tó gbé ṣájà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo tàbí omi kánún sí yín lójú. Irin ni omi kánún wà fún. Òun ni mo fi fọ ara ọ̀kadà, ó ń hó yàà. Ṣòkòtò ọjọ́ náà kò jọ pé ó bàjẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tó di ajẹ̀rẹ̀.

Ó dáa, ìbéèrè yín. Ẹ gbé e síta, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí àga. Kílíìpù pupa lọ sórí tó ní +. Dúdú, ẹ má gbé e sórí bátìrì: nọ́ọ̀tì irin tí kò ní ọ̀dà lára ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ fi há, kó jìnnà sí bátìrì, kí iná tó bá ta má ta síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó tan ṣájà. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ pa ṣájà, kí dúdú kúrò, kí pupa tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ yọ ọ́ lára ògiri kíá. Bí àwọn oníná wọ̀nyí ṣe ń dá iná padà, bí ẹni gbá ni létí ni.

Omi bátìrì tí wọ́n ń tà ni kẹ́ ẹ fi kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n dì pa, ẹ má ṣí i. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ ta kíìkì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa dún lójú kan títí bátìrì yóò fi kún, ẹ má dá a lóhùn, epo lẹ ó kàn fi ṣòfò.

Bó bá kún, ẹ yọ ṣájà, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ fi mítà wò ó. Fólítì 12.6 sí 12.8, ó ti jí. Bó bá tún já wá sábẹ́ 12, ẹ ra òmíràn. Ẹ má gbé e lọ sí Àdó o, ọ̀gá yẹn ṣì wà lẹ́bàá títì.