Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Kí Agolo Tó Rún

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ẹ ní ẹ̀rù físíìsì ò jẹ́ kí àwọn ọmọ JSS3 yín fẹ́ yan kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ lè fi àrà fà wọ́n mọ́ra lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣeé ṣe. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo fi mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣòfò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, èrò kún gbàgede ilé ẹ̀kọ́ bámúbámú. Mo da omi ṣíbí méjì sínú agolo mínírà, mo gbé e ka sítóòfù títí ooru fi ń tú lẹ́nu rẹ̀, mo fi ẹ̀mú gbé e, mo dojú rẹ̀ dé inú omi tútù. Gbàù! Agolo rún jégéjégé. Ariwo sọ. Ìyá kan ná mi lówó, bàbá kan ní kí n wá fún òun nínú oògùn náà. Inú mi dùn, mo bọ́ sórí èyí tó kàn. Àrà márùn-ún ni mo dá lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo bi àwọn ọmọ ní kíláàsì pé kí ló fà á tí agolo fi rún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní omi tútù ló fà á mọ́ra. Wọ́n rántí ariwo, wọn ò rántí afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n yan kíláàsì, iye tó wá sáyẹ́ǹsì ò fi ẹyọ kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni mo ka iṣẹ́ tí Eric Mazur, onímọ̀ físíìsì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2004. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn wòran ju ẹni tí kò rí i rárá lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ló jèrè. Ó dùn mí wọra, nítorí ojú ara mi ni mo ti fi rí i.

Ní báyìí, agolo á ti máa hó lórí iná, n kò ní tíì dojú rẹ̀ dé. Màá ní, "Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ṣé yóò bẹ́ ni, àbí yóò rún, àbí kò ní ṣe nǹkan kan?" Kálukú á nawọ́ sókè, á sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò bẹ́ kò ní lè gbójú kúrò. Tó bá wá rún, màá bi wọ́n pé, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?" Màá sì dákẹ́. Ẹ fara da ìdákẹ́jẹ́ náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìgbà tí wọ́n bá ti jiyàn tó ni màá tó sọ pé ooru ti lé afẹ́fẹ́ inú agolo jáde, pé nígbà tí omi tútù kàn án, ooru náà di ẹ̀kán omi, inú agolo sì ṣófo. Afẹ́fẹ́ ìta ló rún un, èyí tó ń fi nǹkan bíi ìwúwo kílò kan tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Màá wá fi ìtàn Otto von Guericke kún un, olórí ìlú Magdeburg ní Jámánì. Láàárín ọdún 1650 sí 1660, ó fa afẹ́fẹ́ jáde nínú àbọ̀ igbá onírin méjì tó dojú kọ ara wọn, ẹṣin 16, mẹ́jọ níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún, kò rí wọn yà.

Bí ẹnì kan bá pè é ní oògùn, ẹ má bá a jà. Èmi a máa gbé ẹ̀mú lé e lọ́wọ́ ni: "Bàbá, ẹ wá ṣe é." Kò lọ́fọ̀, kò léèwọ̀, ó sì rún lọ́wọ́ tiwọn náà. Àwọn ni wọ́n á tún máa ṣàlàyé fún ará ilé wọn.

Àrà méjì ti tó lọ́jọ́ kan. Ẹ má dé ẹnu agolo lórí iná láéláé, torí yóò bẹ́ bí ìbọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jìnnà sí i, ẹ má sì fi àkísà gbé e bí mo ti ṣe nígbà kan. Àpá rẹ̀ ṣì wà níka mi. Òòyà tí a fi ya irun, tí a wá fi ń fa bébà wẹ́wẹ́, ìgbà ọyẹ́ ni ẹ fi í sí. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú oṣù keje níwájú àwọn òbí, bébà kan ò mira, nítorí ọ̀rinrin ti gba gbogbo iná ara òòyà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan lọ ṣe tirẹ̀ nílé. Ó da omi gbígbóná sínú ike, ó dà á nù, ó dé e pinpin, ike náà sì rún. Ó gbé e wá lọ́jọ́ Ajé: "Sà, tí mo bá ṣe é lórí òkè, ṣé yóò rún tó báyìí?" Ó ti wá sáyẹ́ǹsì báyìí. Àwa méjèèjì àti kíláàsì rẹ̀ ń dá owó ọkọ̀ jọ lọ sí òkè Ìdànrè, ká gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, ká lọ wò ó.