Ẹ má tíì ju tẹmómítà yẹn nù

Ẹ kú wàhálà o. Tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń nà sí nǹkan láìfi kàn án (infrared), tẹ́ ẹ ní ó ń sọ pé họ́ọ̀bù tírélà (irin àárín táyà) tutù nígbà tí ọwọ́ yín ò gbà á yẹn, kò bàjẹ́. Irin dídán ló ń tàn án jẹ: kì í tú ooru ara rẹ̀ jáde dáadáa, ti àyíká ló ń dá padà. Ẹ lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ họ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wọn orí téèpù náà.

Àyàfi tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí aláìsàn lẹ rà. Ìyẹn ò mọ̀ ju ooru ara èèyàn lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wá 12:1 lára páálí rẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí nǹkan jẹ́ ìlọ́po méjìlá fífẹ̀ ojú tó ń wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá dúró ní 30 cm, ojú tó ń wọ̀n fẹ̀ tó 2.5 cm. Tẹ́ ẹ bá jìnnà jù, ó ń wọn táyà mọ́ họ́ọ̀bù nìyẹn. Iná pupa tó ń tàn jáde lára rẹ̀ ò wọn nǹkan kan, ìtọ́ka lásán ni. Èyí tí emissivity rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń tú ooru ara rẹ̀ jáde tó) ṣeé yí dára (0.95 fún téèpù), ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ẹ̀ san ìlọ́po méjì.

1. Ẹ rọra dúró, ẹ má tẹ bíréèkì pa, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀.
2. Ẹ fi ọ̀tún wé òsì. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì lọ gan-an, ẹ yẹ bíárìn àti bíréèkì rẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi tó bá lórí méjì, bákan náà ni: ẹ fi orí kan wé èkejì.