Ojúgun tó dúdú kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo sanra gan-an, ẹsẹ̀ mi sì máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́. Awọ ojúgun mi méjèèjì ti dúdú, ó le, ó ń yún mi. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ló sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, pé kí n sín gbẹ́rẹ́ kó lè dà jáde. Ìpara wo ni kí n fi pa á lẹ́yìn náà?

Ìdáhùn: Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ ìpara ò tíì kàn.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ burúkú níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí àti ọwọ́ yín náà ni. Ọ̀nà àbọ̀ ló nira fún un. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn. Iṣan tó ń gbé e padà ní ìlẹ̀kùn kéékèèké nínú tí kì í jẹ́ kó ya sílẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló sì ń tì í sókè bí a bá ń rìn. Bí ọ̀rá inú ikùn bá pọ̀, á máa tẹ àwọn iṣan tó gba ìbàdí kọjá, pàápàá tẹ́ ẹ bá jókòó pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á kún ẹsẹ̀, iṣan á fẹ̀, ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ò ní lè pa dé mọ́. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹran, ẹ̀jẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀. Irin yẹn ló kù sínú awọ tó sọ ọ́ di dúdú, bí ìgbà tí ìṣó dógùn-ún sára aṣọ funfun. Kànrìnkàn ò lè fọ̀ ọ́. Ìpara abóra ń mú kí awọ tún fẹ́lẹ́ sí i ni. Bó bá pẹ́, ọ̀rá abẹ́ awọ á le gbagidi, awọ á máa dán.

Ṣé irú awọ yìí lẹ fẹ́ fi abẹ ya? Ojú gbẹ́rẹ́ kan péré nítòsí kókósẹ̀ lè di egbò tí kò ní jinná fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Àpótí lábẹ́ ẹsẹ̀ lórí ìjókòó ò tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń jókòó ti ọjà, ẹ dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ nígbà 20. Ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa ojúgun láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má baà sán. Ẹni tó wọn kíló 100 tó fi 5 sí 10 sílẹ̀ ti dín ohun tó ń tẹ iṣan náà kù. Àwọ̀ dúdú yẹn lè má lọ tán o, ṣùgbọ́n wíwú àti yíyún á rọlẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ dáa púpọ̀, àmọ́ ẹ má dá a rà. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ bá ti dí, bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ àti amusìgá, ìbọ̀sẹ̀ náà lè ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní kókósẹ̀ yín, kí wọ́n fi wé ti apá.

Mi ò fojú rí ẹsẹ̀ yín o. Àrùn ọkàn àti ti kíndìnrín náà ń mú ẹsẹ̀ wú, nítorí náà ẹ lọ yẹ ìtọ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá wá ń há, ẹ má tilẹ̀ dúró mú àpò.