Ẹ wo àwọn tó dákẹ́ kí ẹ tó pè é ní ayédèrú

Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ayédèrú ni gbogbo ìwádìí èrò ará ìlú ní Nàìjíríà, pé ṣebí wọ́n ní Peter Obi ló máa wọlé ní 2023, Tinubu ló sì wọlé, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nìyẹn: kí n máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, láti Ìbàdàn títí dé Àkókó, kí n máa bi onílé ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ajá ti lé mi. Wọ́n ti pè mí ní gbọ́mọgbọ́mọ. Iṣẹ́ náà lábùkù lóòótọ́, àmọ́ ayédèrú kọ́.

Ẹ mú èyí tí NOIPolls, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú, ṣe fún àjọ ANAP Foundation ní oṣù Kejìlá 2022. Obi ní ìdá 23 nínú 100, Tinubu 13, Atiku 10. Ohun tí gbogbo èèyàn ń gbé kiri nìyẹn. Nínú ìwádìí kan náà, ìdá 29 ní àwọn ò tíì mọ ẹni tí àwọn máa dìbò fún, ìdá 23 sì kọ̀, wọn ò sọ. Àwọn tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ju ìdajì lọ! Ibẹ̀ ni èmi kọ́kọ́ wò, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bàbá kan á wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìbò tèmi, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n." Bàbá ti mọ ẹni tó ń dìbò fún tipẹ́tipẹ́; kò kàn mọ ẹgbẹ́ tó rán mi wá ni.

Kéèyàn ní òun máa dìbò sì yàtọ̀ sí kó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà kó lọ tò. Orúkọ tó wà nínú ìwé INEC ju mílíọ̀nù 93 lọ. Àwọn tó dìbò kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Iléeṣẹ́ ìròyìn àti ìwádìí Stears náà ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ṣáájú ìbò pé Obi ló máa mú un bí èrò bá ya síta, ṣùgbọ́n bí àwọn tó jáde bá kéré, Tinubu ni. Ta ló ka ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yẹn? Ti iléeṣẹ́ Premise tí iléeṣẹ́ ìròyìn Bloomberg gbé jáde ní tirẹ̀, orí áàpù ni wọ́n ti ṣe é. Àgbẹ̀ tó ń lo fóònù kékeré oníbọ́tìnnì kò sí níbẹ̀.

Ẹ tún ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi yín rí. Nǹkan bíi 1,600 èèyàn ni Afrobarometer, àjọ tó ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú káàkiri Áfíríkà, máa ń bi ní Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ ra gàrí kì í tọ́ gbogbo àpò wò. Kó ṣáà ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dáadáa, kó má bu ti òkè nìkan. Títi ọwọ́ bọ inú àpò yẹn gan-an ló le. Bí mo bá bi ọkùnrin ní ilé kan, obìnrin ni mo gbọ́dọ̀ bi ní ilé tó kàn, ẹni tí kèké bá sì mú láàárín wọn ni, èmi kọ́ ni mo máa yàn án. Ẹ wá lọ sọ fún baálé ilé pé ìyàwó rẹ̀ kékeré lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe òun! Bó bá tiẹ̀ gbà, á fa àga, á jókòó tì wá, gbogbo ìdáhùn ìyàwó á wá di "bí bàbá wọn ṣe wí náà ni." Ti àdúgbò olówó tún burú jù. Mẹ́gáàdì ló máa ń parí ẹ̀ ní géètì.

Ọ̀rọ̀ àtijẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo ẹ̀. Afrobarometer máa ń béèrè iye ìgbà tí oúnjẹ, omi tó mọ́, oògùn, ohun ìdáná tàbí owó wọ́n ẹ nínú ilé láàárín ọdún kan. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn pa mọ́. Màmá kan dá ọ̀rọ̀ mi dúró, ó ní àfi kí n kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí sílẹ̀. Kò sì síbi tí mo lè kọ ọ́ sí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ìdáhùn àwọn èèyàn ti ń yí ni ìgbà tí wọ́n bá rò pé ìjọba ló rán wa. Afrobarometer mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ní ìparí pé ta lẹ rò pé ó rán wa wá. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ìjọba ni. Mo ti bá ẹni tó yin gómìnà fún odidi wákàtí kan pàdé. Bí mo ṣe ní kí n ti tábúlẹ́ẹ̀tì bọ àpò báyìí, ó ní ìgbà wo ni ìrẹsì máa dé?