Èsì: Ariwo àárọ̀ lórí C250 ọdún 2012

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní Mercedes C250 ọdún 2012 tí ẹ fẹ́ rà ń dún gàràgàrà bí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, mẹkáníìkì sì ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Èmi ò gbà pé tọ́bò ni. Ẹ́ńjìnnì M271 oní 1.8 lítà yẹn lágbára o, agbára ẹṣin (hp) 201 ni wọ́n kọ sí i ní Amẹ́ríkà, àmọ́ timing chain rẹ̀, ìyẹn ṣéènì tó ń yí camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), máa ń fà, á wá dẹ̀, eyín gíà orí camshaft náà á sì jẹ. Bó bá jẹ́ pé ariwo náà máa ń dákẹ́ kété tí ọ́ìlì bá gòkè, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tọ́bò tó ti jẹ máa ń súfèé bí ọkọ̀ bá ń sáré, èéfín búlúù á sì máa jáde ní sàlẹ́ńsà. Ẹ má fojú kéré chain yìí rárá: bó bá fò, fáàfù á gbá písítìnì, ẹ́ńjìnnì tán nìyẹn.

Ẹ tún yọ wáyà mágnẹ́ẹ̀tì tó ń darí camshaft wò. Bí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ó lè gba inú wáyà dé kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó kí wọ́n tó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì wo chain yẹn.