Ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í dá ọmọ dúró, ṣé ibẹ̀ ni ọkàn òbí ti lè balẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Prince George's County, ní Maryland, là ń gbé. Ọmọkùnrin mi máa bẹ̀rẹ̀ middle school tí wọ́n bá wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba méjì ló wà níwájú wa. Mo wo àkọsílẹ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró lẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ́dún tó kọjá, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá ẹnikẹ́ni dúró. Bàbá ẹ̀ ní ti àkọ́kọ́ ló dáa, pé wọn ò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ̀rù tèmi ni kí wọ́n má lọ ṣe ọmọ mi léṣe. Èwo ni kí n mú? – Ìyá Ayọ̀

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ayọ̀. Ẹ má tíì mú ìkankan. Ìṣe àwọn àgbà ni iye tí ẹ rí yẹn ń sọ, kò sọ iye ìjà tí àwọn ọmọ jà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lè ṣẹlẹ̀ níbi méjì, kí ọ̀gá kan ní kí ọmọ lọ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí èkejì pe òbí, kó parí ẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ti àkọ́kọ́ á wọ̀wé, ti èkejì ò ní wọ̀ ọ́.

Èmi tí mo ń bá irú ìwé yìí ṣiṣẹ́, òdo ló máa ń kọ́kọ́ mú mi fura. Ní 2017, ìwé ìròyìn Washington Post tú u síta pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Washington, D.C., níbi tó múlé gbè yín, ń lé ọmọ lọ sílé láì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn dá a dúró. Ní 2019, GAO, àwọn tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, sọ pé nínú àgbègbè ẹ̀kọ́ tó lé ní 17,000, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ òdo nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n dì mú tipátipá tàbí tì mọ́ yàrá lọ́dún 2015-16. Ta ló fẹ́ gba gbogbo ìyẹn gbọ́? Lọ́dún ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ bíi 240 ló wà lákọsílẹ̀ pé ìbọn dún lọ́dọ̀ wọn. Rédíò NPR wádìí ẹ̀, 11 péré ló rí ẹ̀rí fún. Àgbègbè ẹ̀kọ́ Cleveland, ní Ohio, kọ 37. Orí ìlà tí kò yẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Irú ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ wò. Lọ́dọọdún ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Maryland ń gbé e jáde: ìjà àti ìhalẹ̀ lọ́tọ̀, ohun ìjà lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀, àìgbọràn àti ariwo lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ìjà àti ohun ìjà ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rù yín tọ́. Bó bá jẹ́ àìgbọràn ló kún un, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ayọ̀ tún ọ̀rọ̀ rò, torí ojú olùkọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn wà. Ohun tí olùkọ́ kan á pè ní ìbéèrè, òmíràn á ní àfojúdi ni. Àwa òbí Yorùbá fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ tó le, àfi ìgbà tó bá kan ọmọ tiwa. Lọ́dún 2017-18, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn ni ìdá 38 nínú àwọn tí wọ́n dá dúró pé kí wọ́n lọ jókòó sílé.

Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ kékeré (*) níbi tó yẹ kí iye wà, ẹ má kà á sí òdo. Iye náà kéré débi pé wọ́n fi pamọ́, kí aráyé má baà dá ọmọ náà mọ̀.

Ẹ tún wo Maryland School Survey lórí káàdì èsì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni wọ́n bi bóyá ara wọn balẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ni pé ìyẹn wúlò fún yín ju iye ìdádúró lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú yín yí ká ilé-ẹ̀kọ́ náà, kó sì jẹ́ àkókò tí àwọn ọmọ ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wò ó bóyá àgbà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Èyí tí ẹ bá wá mú, bí wọ́n bá pè yín lọ́jọ́ kan pé "ẹ wá mú ọmọ yín lọ sílé," ẹ béèrè bóyá wọ́n dá a dúró ni, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa á kàn dúpẹ́, á mú ọmọ lọ. Bí òdo ṣe ń dé inú ìwé nìyẹn. Láti ìdájọ́ Goss v. Lopez tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ní 1975, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún un, kó sì gbọ́ tẹnu ẹ̀, kódà bí ìdádúró ò bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. FERPA, òfin àpapọ̀ ti 1974 lórí àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti wo fáìlì ẹ̀ láàárín ọjọ́ 45 tí ẹ bá béèrè.

Ní ti ẹ̀rù yín gan-an: bí ẹnikẹ́ni bá hùwà ọ̀daràn oníwà ipá sí Ayọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, òfin àpapọ̀ ní kí wọ́n fún un láǹfààní láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba míràn ní àgbègbè kan náà. Ẹ fi lẹ́tà béèrè, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.