Ẹ Bi Àǹtí: Oṣù àti Ọ̀pẹ Inú Àsíá South Carolina

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Tírélà ni mò ń wà, ọ̀nà I-95 ni mo sì máa ń gbà. Tí mo bá ti wọ South Carolina báyìí, àsíá búlúù kan ni mo máa ń rí, ọ̀pẹ funfun láàárín, oṣù ní igun òkè. Ẹnìkejì mi nínú ọkọ̀ ní oṣù yẹn fi hàn pé Mùsùlùmí ló tẹ ibẹ̀ dó. Mo ní irọ́ ni. Ẹ bá wa dá a. – Awakọ̀, Florida

Ìdáhùn: Ìwọ lo jàre, àbúrò mi. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀, ara fìlà ni oṣù yẹn ti wá. Ní 1775, nígbà tí wọ́n ń múra àtibá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà, aṣọ búlúù làwọn sójà ibẹ̀ ń wọ̀, wọ́n sì fi fàdákà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé síwájú fìlà wọn. Wọ́n ní kí ọ̀gágun William Moultrie ṣe àsíá. Ó mú àwọ̀ ẹ̀wù, ó mú oṣù orí fìlà, ó parí.

Ọ̀pẹ yẹn gan-an ló ní ìtàn. Palmetto ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yà ọ̀pẹ ni lóòótọ́, àmọ́ má wá ẹyìn lórí rẹ̀ o, èso wẹ́wẹ́ dúdú ló ń so. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Columbia, mo sì rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni igi náà, àfìgbà tí ìjì wó ọ̀kan lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n fi ayùn gé e. Mo fi èékánná tẹ ojú ibi tí wọ́n gé, ó wọlé, omi sì yọ. Fọ́nrán ni gbogbo inú rẹ̀, àfi bíi kànrìnkàn tó rin.

Ohun tó gba Charleston sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1776, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya bo odi kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ní erékùṣù Sullivan, lẹ́nu èbúté ibẹ̀. Igi palmetto ni wọ́n tò ní ìlà méjì, wọ́n da yanrìn sáàárín. Ká ní igi líle ni, ọta àgbá ì bá fọ́ ọ yángá, èérún rẹ̀ ì bá sì máa pa èèyàn. Ńṣe ni ọta ń rì sínú palmetto bí ẹni bọ́ sẹ́rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà sẹ́yìn. Ó sì dùn mí pé orúkọ Moultrie làwọn èèyàn máa ń dá. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó kọ́ odi yẹn.

Ọ̀pẹ ò tètè dé ara àsíá. Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1861 ni wọ́n fi í sí i, oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí South Carolina ṣe ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, torí kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ẹrú lọ́wọ́ wọn. Búlúù yẹn náà ńkọ́? Ẹlú ni. Kí ogun òmìnira tó dé, tí a bá yọ ìrẹsì kúrò, aró ẹlú ló ń mówó wọlé fún wọn jù. Ẹrú ló ń gbìn ín, ẹrú ló ń rẹ ẹ́. Ọdún 2008 ni wọ́n wá fi òfin sọ ọ́ di àwọ̀ ìpínlẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, iléèwé ní kí àwọn ìbejì mi kọ àmì ìjọba South Carolina wá. Táíwò ní wàrà ni ohun mímu ìpínlẹ̀, Kẹ́hìndé ní tíì ni. Ìjà ti dé. Àwọn méjèèjì tún ní Charleston ni olú-ìlú. – Ìyá Ìbejì, Greenville

Ìdáhùn: Ẹ là wọ́n, Ìyá Ìbejì, àwọn méjèèjì ló gbà á. Wàrà ni láti 1984. Ní 1995 wọ́n tún mú tíì, wọ́n ní ti àlejò nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé tíì oníyìnyín wọn kalẹ̀ fún, tí ṣúgà rẹ̀ ń ta eyín, á mọ̀ pé wọn ò purọ́. Ti olú-ìlú ni wọ́n jọ ṣì. Charleston ló wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ 1786 ni òfin ti gbé e lọ sí Columbia láàárín ìpínlẹ̀.

Kí wọ́n kọ ọ́ pé kánńtì 46 ló wà níbẹ̀, pé òun ni ìpínlẹ̀ kẹjọ tó fọwọ́ sí òfin Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1788. Ẹyẹ wọn ni Carolina wren, ẹyẹ bíńtín tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Òdòdó wọn ni yellow jessamine. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi báyìí o: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu fa omi inú rẹ̀, májèlé ni. Ìpápánu ìpínlẹ̀ ni ẹ̀pà sísè, láti 2006. Wọ́n ń tà á tòun ti èèpo lẹ́bàá ọ̀nà, omi iyọ̀ á máa ro láti inú báàgì sórí itan yín nínú mọ́tò. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ Látìnì kan, Dum spiro spero. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, ohun tó sọ nìyẹn.

Apẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n yà sínú ìwé náà. Àwọn Gullah, ìran àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà wá sí oko ìrẹsì, ló ń hun ún, lẹ́bàá ọ̀nà 17 ní Mount Pleasant. Mo ti dúró ti ìyá kan tó ń hun ún. Ọwọ́ ṣíbí tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò ló fi ń la koríko, á wá ti ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀, á fà á le. Mo bi í pé ewé kí ni ọ̀já yẹn. Ó ní palmetto ni.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ọmọdé kan ló mú kí wọ́n ṣòfin nípa egungun? – Òǹkàwé, Columbia

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n fi egungun mammoth, ẹ̀yà erin ńlá tó ti parun, ṣe àmì ìpínlẹ̀. Àwọn àgbà fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fẹ́ ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹfà ìṣẹ̀dá bọ inú òfin, àmọ́ ó jàjà di òfin ní 2014. Ẹ̀rí tí ọmọ náà mú wá ni eyín tí àwọn ẹrú wú nílẹ̀ ní Stono, nítòsí Charleston, ní nǹkan bí 1725. Mark Catesby, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí ẹranko nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo àwọn ọmọ Áfíríkà tó rí eyín yẹn ló panu pọ̀ pé ti erin ni. Wọ́n kúkú ti mọ erin láti ilé.